Ta Ló Ni Ìkànnì Tó Ń Bú Alága?

"Kó tó di Jímọ̀, màá rí orúkọ ẹni tó ni ìkànnì yẹn, ẹni náà á sì kúrò lẹ́gbẹ́!"

Àlàájì Gàníyù, alága ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kasuwar Kara ní Ṣókótó, ló ń lérí.

Ìkànnì náà, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń sọ fáyé pé ó ti lo ọdún mẹ́rìnlá lórí àga, kò jẹ́ kí wọ́n dìbò.

Ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ìkànnì sílẹ̀, pé kí wọ́n fi ìwé ẹni tó ni ín han òun. Wọ́n ní kó kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́. Wọ́n ní kó tún un kọ.

"Haba! Ìwé tó yẹ kí gbogbo aráàlú rí!"

Jímọ̀ kẹfà ni èsì dé. Fathiat, akọ̀wé ẹgbẹ́, kà á sókè nípàdé:

"Ẹni tó ni ìkànnì: Àlàájì Gàníyù Àlàó."

"Èmi kẹ̀? Ta ló forúkọ mi síbẹ̀?"

Fathiat kúnlẹ̀.

"Àwa ọ̀dọ́ la ṣe é, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni àgbà wa, a ò lè fi orúkọ tiwa ṣáájú tiyín."