Etí Bàbá Ṣówándé

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Bàbá Ṣówándé wá kó ẹrù rẹ̀ ní yàrá ìdánrawò. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ni ó ti ń darí ẹgbẹ́ afunfèrè yunifásítì. Lánrewájú, ọmọ tí ó jẹun nínú abọ́ rẹ̀, tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní fèrè, ni ó lọ sọ fún àwọn aláṣẹ pé etí bàbá ti di. Wọ́n sì fi Lánrewájú rọ́pò bàbá. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Àwọn fèrè idẹ wà lára ògiri níbi tí wọ́n fi wọ́n kọ́ sí. Bàbá kì í sọ pé "Ẹ bẹ̀rẹ̀." "Ẹ mí" ni ó máa ń sọ, gbogbo ọmọ á sì jọ fa èémí sínú kí wọ́n tó fun fèrè. Lálẹ́ ọjọ́ yìí, ó sọ ọ́ sí àwọn fèrè náà bí ẹni ń dágbére.

"Ẹ mí."

Nǹkan kan fa èémí lára ògiri. Ó pọ̀, ó gùn, ó ń fa aṣọ ojú fèrèsé sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kò sì mí síta.

Lánrewájú wọlé wá gba kọ́kọ́rọ́. Ó dúró lójijì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ta ló ń mí báyìí?"

Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan, ọmọ mi. Ṣebí etí mi ti di."

Ó jáde, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn.