Ìwọ̀n Ṣòkòtò Ìgbéyàwó

Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ tí kápẹ́ńtà náà wọ ẹ̀wù méjì lọ sílé ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Télọ̀ ni ìyá náà, òun ni yóò rán ṣòkòtò ìgbéyàwó. Òun náà ló ń rán gbogbo aṣọ ọmọ rẹ̀. Kì í jẹ́ kí télọ̀ mìíràn wọn ọmọ náà.

Lábẹ́ ẹ̀wù kápẹ́ńtà, àpò rọ́bà kan lẹ̀ mọ́ ikùn. Dókítà ti gé ibi tó jẹrà nínú ìfun ńlá rẹ̀, ó sì fa orí èyí tó kù jáde ní ìhà òsì ìdodo. Oúnjẹ ṣì ń dà, ara ṣì ń mu oje rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ àti afẹ́fẹ́ kì í tọrọ àyè mọ́ kí wọ́n tó jáde. Àpò ló ń gbà wọ́n. Ó ti pinnu láti sọ fún ọmọbìnrin náà. Ọ̀sẹ̀ tó dá kọjá, òmíràn náà kọjá. Ta ni yóò fi ọmọ fún irú rẹ̀?

“Ọkọ ọmọ mi, bọ́ ẹ̀wù òkè.”

“Òtútù ń mú mi, Mà.”

“Òtútù wo, tí èmi ń làágùn bí aláàárù? Na apá jàre, mi ò ní jẹ ọ́.”

Ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Tépù yí ìbàdí kápẹ́ńtà ká. Ó di èémí mú, ó ń gbàdúrà nínú ọkàn bí ẹni tí omi ti mù dé ọrùn.

Ìró kan dún fìì nínú yàrá.

Ó wúkọ́ kíá láti bò ó. Ọmọbìnrin náà dìde, ó sáré jáde sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì padà. Ọwọ́ ìyá dúró ní ìhà òsì kápẹ́ńtà, ó tẹ ibẹ̀ díẹ̀, ó sì ká tépù.

“Ó tó. Máa lọ sílé.”

Nílé, ó ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, ó yẹ àpò wò. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, kò sí ìgbẹ́. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. “Olúwa tí o mọ ìfun mi kí dókítà tó rí i, má jẹ́ kí ojú tì mí.”

Nígbà tí ìyá ránṣẹ́ pè é, ó tún wọ ẹ̀wù méjì lọ. Ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wú, kò sì gbé e sókè.

“Wọ̀ ọ́ wò,” ni ìyá wí, ó na ṣòkòtò sí i.

Lẹ́yìn kọ́tìnì, ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ rírọ̀ kan tí a rán sínú ṣòkòtò ní ìhà òsì, àyè tó gba àpò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n ti mọ̀.

“Màmá, tí ẹ bá fẹ́ kí n máa lọ, ẹ tètè sọ ọ́.”

“Ta ló lé ọ? Jáde, kí n wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò.”

Ó jáde, ó sì rí i tí ọmọbìnrin náà yí inú aṣọ ìgbéyàwó tirẹ̀ síta, tí ó sì fi irú àyè àpò bẹ́ẹ̀ hàn án, tí ìyá rẹ̀ rán sí ìhà ọ̀tún.