Òṣùpá Adelaide Kern

"Ẹ dorí àwòrán yẹn kodò!" ni ìyá arúgbó kan tó jẹ́ alásè wí, ó sì na ọ̀pá rẹ̀ sí ògiri.

Àfihàn gbogbo iṣẹ́ tí Adelaide Kern ṣe láyé ni, ayàwòrán tó ti kú, ẹni tí alásè yìí dáná fún fún ogójì ọdún ní aṣálẹ̀ New Mexico.

Pruitt, alábòójútó àfihàn náà, rẹ́rìn-ín. "Màmá, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ ìwé lórí òṣùpá yìí. Òṣùpá funfun, ojú ọ̀run pupa, òkè dúdú nísàlẹ̀. Kí ló tún kù?"

"Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yín ò lójú ni? Wo ọ̀dà tó ṣàn níbẹ̀ yẹn. Òkè ló ń lọ. O ti rí ọ̀dà tó ń ṣàn gòkè rí?"

Pruitt sún mọ́ àwòrán náà. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Yé! Kí wá ni ohun funfun yìí, Màmá?"

"Inés ni, àkọ́bí mi. Oṣù mẹ́rin péré ló lò láyé. Aṣọ funfun la fi wé e. Èmi àti ọ̀gá mi la jọ gbẹ́ ilẹ̀ pupa yẹn. Ohun tí ẹ pè ní òkè dúdú yẹn, ojú ọ̀run alẹ́ ọjọ́ náà ni. Mo wá kí ẹ lè gbé àwòrán náà kọ́ bó ṣe yẹ ni."

Pruitt pe òṣìṣẹ́ méjì. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n gbé àwòrán náà kúrò lára ògiri, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Bí ohun funfun náà ti ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, alásè náà figbe ta.

"Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sin ín lẹ́ẹ̀kejì."