Téèpù Ọjọ́ Jímọ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó béèrè ilé mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì tó ń pín ilé. Ilé ìsàlẹ̀ mẹ́fà péré ló wà, fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, igba ènìyàn ló sì kọ̀wé béèrè wọn. Bàbá kan tó ń fi ọ̀pá méjì rìn dúró síwájú ìwé náà, ó fi ìka tọ orúkọ wá láti òkè, lẹ́yìn náà ó wọlé tọ ọ̀gá àgbà lọ.

"Ẹnìkeje lẹ kọ mí sí," ó ní. "Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọmọ yín yìí fi orúkọ mi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà. Ẹnìkẹfà ni mí."

Akọ̀wé tó ń tẹ orúkọ ni bàbá ń tọ́ka sí. Akọ̀wé náà kò jiyàn. Ó ní òótọ́ ni, àwọn parí ètò orúkọ lọ́sàn-án Jímọ̀, òun sì fi han bàbá. Òun ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọ̀gá wo àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́. Gbogbo wọn ló ní ìwé dókítà. Ṣùgbọ́n ẹnìkẹrin jẹ́ àbúrò ìyá akọ̀wé.

"Ibẹ̀ náà ni wọ́n wà lọ́jọ́ Jímọ̀, Ọ̀gá."

"Ta ló rí i?"

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń bójú tó gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, tí wọ́n ń pè ní Bọ̀dá Wáyà. Ó ṣí ibi tí Windows ń kọ orúkọ ẹni tó bá wọlé sí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ìwé náà ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, orúkọ akọ̀wé ni wọ́n sì fi wọlé.

"Ajé kẹ̀? Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin náà ti gbàgbé ni? Páswọ́ọ̀dù mi ti sọnù lórí mi lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀yin lẹ bá mi ṣe tuntun."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní.

"Orí ẹ kì í gbé páswọ́ọ̀dù kọjá òpin ọ̀sẹ̀," ni ọ̀gá wí. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà kan ló kù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kan máa ń ṣe àdàkọ gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá sínú téèpù. Téèpù márùn-ún ni, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ti Jímọ̀ yóò fi bí orúkọ ṣe wà níbẹ̀rẹ̀ hàn.

"Tó bá bá ọ̀rọ̀ ẹ mu, o bọ́," ọ̀gá sọ fún akọ̀wé. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó dilé nìyẹn. Mo fún yín di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀."

Ní Ọjọ́rú, Bọ̀dá Wáyà ti dé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Nígbà tí akọ̀wé gbé ife tíì méjì wọlé, wáyà ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ Bọ̀dá, ojú rẹ̀ sì ti fà ro.

"Kò kà á," ó ní.

"Kò kà á báwo?"

"Ó ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Láti ọdún mẹ́ta, mi ò dán wọn wò rí bóyá wọ́n ṣeé kà."

Akọ̀wé jókòó tì í. Bọ̀dá fi téèpù ìnumọ́ nu ojú ẹ̀rọ náà. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ so mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó ki téèpù ọjọ́ Ajé bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ kà á kíá, ṣùgbọ́n orúkọ bó ṣe wà lára ògiri ló wà nínú rẹ̀. Ó ki ti Jímọ̀ bọ̀ ọ́; ẹ̀rọ náà kùn bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́, iná pupa sì tàn.

"Ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀, Bọ̀dá. Bóyá ojú ló ń tì í."

Bọ̀dá gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú akọ̀wé.

Nírọ̀lẹ́, Bọ̀dá Wáyà gun àtẹ̀gùn ilé wọn dé òkè kẹrin. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, níbi tó máa ń wà.

"Kí ló ṣe ojú ẹ, ọkọ mi?"

Ó sọ ọ̀rọ̀ akọ̀wé fún un.

"Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́ o. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yẹn. Wá a dáadáa."

"Mò ń wá a, Màámi."

Kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, iná pupa ṣì ń tàn. Ọ̀gá na lẹ́tà sí akọ̀wé. Bàbá ọ̀pá méjì, tó ti padà wá gbọ́ àbọ̀, dìde pẹ̀lú ìnira. "Kì í ṣe kí ẹ lé ọmọ yìí ni mo bá wá," ó ní.

Bọ̀dá Wáyà náà dìde. "Ọ̀gá, ẹ̀bi mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e."

"Ìwọ tí o ò jẹun, tí o ò sinmi, nítorí ẹ̀? Jókòó, jàre."

Bọ̀dá bá akọ̀wé gbé páálí ẹrù rẹ̀ dé ẹnu géètì. Akọ̀wé di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbà mí gbọ́."

"Má dúpẹ́," ó ní.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, kí Bọ̀dá Wáyà tó bó àmì ara téèpù Jímọ̀ kúrò tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ téèpù tuntun tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà ti kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀: àbúrò ìyá akọ̀wé ni ẹnìkẹrin, bàbá ọ̀pá méjì ni ẹnìkẹfà, ìyá Bọ̀dá Wáyà fúnra rẹ̀, tó jẹ́ ẹnìkarùn-ún lára ògiri, sì jẹ́ ẹnìkọkàndínlógún.