Pákó Kíláàsì Kẹrin

Orí ìkúnlẹ̀ ni káfíńtà wà, tó ń to pákó sílẹ̀ pálọ̀, nígbà tó rí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ fín sára ọ̀kan: TÍṢÀ OLÓRÍ BÍ ÀGBỌN. Iṣẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni, láti kíláàsì kẹrin.

Ó dojú pákó náà bolẹ̀ wéré, ó sì kan ìṣó mọ́ ọn.

"Ṣé kò sí o?" Tíṣà náà gan-an ló béèrè láti orí àga. Ó ti fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ ni wọ́n sì ń tún ṣe.

"Kò sí o, Mà. Ṣùgbọ́n kí lẹ ń fi pákó àlòkù ṣe?"

"Ìgbà tí wọ́n wó ilé ìwé wa ni mo rà á. Ó ṣì le koko."

Káfíńtà mí kanlẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mama ò lè dá òun mọ̀ mọ́.

"Yí i padà, kó kọjú sókè," ni mama wí. "Lọ́jọ́ tí o fín in, mo ní kí o kúnlẹ̀, ojú fèrèsé lo gbà sá lọ. O ti kúnlẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta báyìí. Yàrá méjì ló kù."