Nazif Fa Iṣu Tu Tìtàkùn-tìtàkùn

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe dá a dúró ní àárín. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, torí ìdí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Àwọn tó wà lóko Nazif ní Koko, abúlé wa ní ilẹ̀ Benin, lọ́jọ́ tó fa iṣu tu nìyí: Nazif, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin tó ti di olóògbé, Houlératou, ìyàwó rẹ̀ tó bí Kafayath fún un, Issiaka, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Abdulganiyu, oníṣòwò ará Nàìjíríà tó gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti ìlú Savalou, àti èmi ìyá àgbà, tí mo jókòó lábẹ́ igi òrí. Kò sí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun náà wà níbẹ̀, irọ́ ló ń pa.

1.
Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò dá oko iṣu rí. Iṣu làbókò tiwa, ẹ̀ẹ̀mejì là ń wa á lọ́dún. Nígbà òjò, a ó rọra tú ebè, a ó gé iṣu ńlá kúrò lábẹ́ ìtàkùn, a ó sì da erùpẹ̀ bo gbòǹgbò padà. Ìtàkùn kò ní kú. Yóò tún fi iṣu kéékèèké sílẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Àwọn kéékèèké yẹn ni èbù tí a ó gbìn. Èbù tó wà ní ìdílé wa, ìyá bàbá mi ló gbé e wá nínú agbọ̀n láti Agoua, nígbà tó ń bọ̀ wá sílé ọkọ ní Koko. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí okùn rẹ̀ já lóko ẹnikẹ́ni nínú wa.

2.
Savalou ló wà lọ́kàn Nazif. Bó bá ti débẹ̀ tó padà wálé, Koko a há mọ́ ọn bí ẹ̀wù ọmọdé.

"Ebè níwájú, ebè lẹ́yìn," ni yóò máa wí. "Ṣé ibi tí èèyàn yóò kú sí nìyí?"

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, iṣu rẹ̀ ta gan-an. Ó ti lọ gba yàrá kan ní Savalou láìsọ fún wa. Ó fẹ́ máa ta ẹsáńsì, epo ọkọ̀, nínú ìgò fún àwọn ọlọ́kọ̀ lẹ́bàá títì.

Òjò ṣú lọ́jọ́ náà. Abdulganiyu ní ọ̀nà yóò di ẹrẹ̀, ọkọ̀ òun kò ní sun oko. Bí a bá ń fi ọ̀bẹ gé iṣu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọkọ̀ kò lè kún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ni Nazif bá ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó gbá ìtàkùn mú, ó fà á tu.

Issiaka ké. "Nazif! Kí lo ń ṣe yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n, mò ń wa iṣu."

"Èbù ńkọ́?"

"Kí ni n ó fi èbù ṣe? Èmi ti ń lọ. Ẹ̀yin ẹ jókòó ti ebè yín bí adìyẹ tó sàba."

"Adìyẹ tó sàba ló ń rí ọmọ kó jáde."

Abdulganiyu rẹ́rìn-ín. Houlératou kò rẹ́rìn-ín. Ó ti kúnlẹ̀ sídìí ebè kan, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó erùpẹ̀ bo gbòǹgbò.

"Bàbá Kafayath, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ fún wa. Ìlà kan péré."

"Dìde níbẹ̀! Ṣé kí ọkọ̀ fi wá sílẹ̀ nítorí gbòǹgbò?"

Mo ní, "Nazif, èbù ìyá wa nìyẹn."

Ó dọ̀bálẹ̀, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. "Ìyá, ẹ má bínú. N ó máa ra iṣu bọ̀ fún yín láti Savalou."

Ra iṣu! Fún ará Koko!

Nígbà tí ọkọ̀ gbé wọn lọ, gbogbo ìtàkùn wà nílẹ̀ bí okùn tí ẹran já.

3.
Savalou kò ní ẹ̀yìnkùlé fún àlejò. Ata, rírà. Igi ìdáná, rírà. Àwọn tó ń ta ẹsáńsì tò lọ bẹẹrẹbẹ, kálukú sì ń rà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Ta ló mọ Nazif? Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti jẹ owó iṣu tán, onílé sì gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ Abdulganiyu kan náà ló gbé wọn padà. Orí àpò òfìfo ni wọ́n jókòó sí.

4.
Àkókò gbíngbìn ni wọ́n dé. Lákòókò yẹn, èbù oníkálukú kò ju ebè rẹ̀ lọ, a kì í sì í ta èbù ní Koko. Ilé tí Nazif bá yà, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: "Ọmọ wa, ebè tèmi pàápàá ń retí."

Issiaka fún un ní agbọ̀n kan. Nazif dúró tì í, kò lè gbé e. Nínú ilé, Kafayath ń sunkún ebi. Bí ó bá jẹ èbù náà, kò ní rí nǹkan gbìn. Bí ó bá gbìn ín, kò ní rí nǹkan jẹ.

Wọ́n jẹ ìdajì, wọ́n gbin ìdajì tó kù. Lọ́dún kejì, ìwọ̀nba tí ìdajì yẹn mú jáde ni wọ́n tún pín sí méjì bẹ́ẹ̀, fún jíjẹ àti fún gbíngbìn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí di òní.

Houlératou bi í léèrè lójú mi: "Savalou kò mọ̀ wá. Koko kò lè bọ́ wa. Ibo gan-an la wà?"

Nazif gbé ọkọ́ rẹ̀, ó jáde.

Oko olóko ni Nazif ti ń kọ ebè báyìí, iṣu tí yóò jẹ ni wọ́n fi ń san án. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá fọn fèrè lójú ọ̀nà Bantè, yóò nàró, yóò máa wò ó títí eruku yóò fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ojú yín wà ní ìlú ńlá, n kò ní kí ẹ má lọ. Ẹ lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fa ohun tí yóò gbà yín padà tu nítorí ọkọ̀ tí kò lè dúró. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fagbára mú ní í nini lára.

Fadilath, ọmọ ọmọ mi, bí o bá ti fi èyí ránṣẹ́ tán, gbé fóònù sílẹ̀. Ebè tí o tú láàárọ̀, lọ da erùpẹ̀ bò ó kí oòrùn tó mú gbòǹgbò.