Lẹ́tà Ẹlẹ́sẹ̀

Dókítà ojú ní Ṣàgámù ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní oògùn kíkán nìkan ló lè dá ojú Bàbá Afọláyan dúró, pé èyí tó bá ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò ní padà mọ́. Lọ́sẹ̀ náà gan-an, Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ kó ẹrù kúrò l'Ékòó, ó padà sí Ìkẹ́nnẹ́ wá tọ́jú rẹ̀. Ìyàwó Bàbá ti kú. Ohun tó kù tó ń fẹ́ láyé ò ju kó máa ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, bó ti ń ṣe látìgbà tó ti jẹ́ tíṣà.

Lẹ́tà yíyà ni iṣẹ́ Fẹ́mi, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ̀wé. Èyí tó ń yà lórí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ dúdú, ó sanra, ó sì ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ bíi ti àkọlé ìwé àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ẹ fún pátákó ojú títì àti páálí oògùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi hàn wọ́n pé ẹni tí ojú rẹ̀ ń kú lọ ṣì lè rí i kà.

Nítorí náà, láràárọ̀, tó bá ti kán oògùn sójú Bàbá tán, yóò gbé bébà tó fi lẹ́tà náà kọ ọ̀rọ̀ kan sí lọ dúró lẹ́bàá géètì. Bàbá yóò wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Dádì, ẹ kà á."

"ẸJA. Ṣé lẹ́tà lò ń yà ni àbí iṣu lò ń gbìn? Ó ti sanra jù."

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Inú ẹ̀ ti dí. La inú ẹ̀. Àmì abẹ́ ẹ̀ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀."

Fẹ́mi tún un ṣe. Lóṣooṣù ló ń lọ ra oògùn wá láti Ṣàgámù.

"Oògùn yìí kì í ta mí lójú mọ́ bíi tàkọ́kọ́," ni Bàbá wí lẹ́yìn ọdún Àjíǹde.

"Ó ti mọ́ yín lára ni, Dádì."

Kí òjò tó dá, Fẹ́mi ti kúrò ní géètì bọ́ sídìí igi àgbálùmọ̀. Nígbà tó yá, ó dórí àtẹ̀gùn. Bó ṣe ń súnmọ́ náà ni lẹ́tà ń nípọn sí i. Bàbá fi Bíbélì kíkà sílẹ̀ fún Dámisọ́lá, tíṣà àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Wàhálà lásán ni mò ń kó bá ọ," ó wí.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kà á."

Bàbá na ọrùn. "ỌJÀ."

Fẹ́mi ya fọ́tò rẹ̀ bó ti kà á, láti fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ilé-iṣẹ́ náà gba lẹ́tà náà. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rí. Fẹ́mi dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó ní ojú Bàbá ló ṣe é, ó sì jáde lọ ra ẹran àti ohun mímu.

Òtútù mú Bàbá. Ó fọwọ́ wá ọ̀nà dé yàrá ọmọ rẹ̀, ó ń wá súwẹ́tà nínú báàgì, àfi bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ba àwọn ìgò oògùn ojú kéékèèké, gbogbo èyí tí Fẹ́mi ti ń rà láti ìgbà Àjíǹde, ó fi ìka wá rọ́bà ìdérí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tí ẹnikẹ́ni ti ṣí rí.